Bẹ́líìtì Tí Télọ̀ Fi Ojú Wọ̀n

Wọ̀nọ́nwò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ó sì pé ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta lóṣù tó kọjá. Télọ̀ ni. Orúkọ yìí mọ́ ọn lára nítorí pé kò sí aṣọ tí yóò gé tí kò ní kọ́kọ́ wọ̀n, kó tún un wọ̀n, kó sún sẹ́yìn, kó sì wá fi ojú kan ṣoṣo wò ó bí ọdẹ tó ń wo ẹtu. Ìròyìn tó dé kẹ́yìn nípa rẹ̀ ni pé ó fọwọ́ ara rẹ̀ tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó tò ó padà, ó yí kọ́kọ́rọ́, kò sì sí ojúlé kan ládùúgbò tí kò gbọ́ bó ṣe dún.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò béèrè pé kí ló kan télọ̀ kan ẹ́ńjìnnì. Owú jíjẹ ló gbé e débẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, awakọ̀ ni. Takisí ni bàbá tó bí i wà títí ó fi dàgbà, nínú gbogbo ọmọ rẹ̀, obìnrin yìí nìkan ló jogún iṣẹ́ náà. Àwọn ìbejì ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga nílùú mìíràn, ilé dákẹ́, ìyá wọn sì ń wá iṣẹ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ju kó máa gbé èrò kiri lọ. Iṣẹ́ ọ̀hún dé. Ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní ìparí títì ní kó máa gbé àwọn nọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́, kó sì máa gbé wọn bọ̀ wálé, bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Wọ́n kìlọ̀ fún un pé bí ọkọ̀ rẹ̀ bá kùnà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, awakọ̀ tó tẹ̀ lé e làwọn yóò pè, nítorí aláìsàn kì í dúró de ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dákú sọ́nà.

Bẹ́líìtì nìkan ló kù kí ọkọ̀ náà tó pé. Nínú ẹ́ńjìnnì, bẹ́líìtì kan wà tó ní eyín bí ayùn. Òun ló so kẹ̀kẹ́ irin ìsàlẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ irin òkè, kí àwọn méjèèjì lè máa yí pọ̀ láìsí pé ọ̀kan ṣi ẹsẹ̀ gbé. Táímìn ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Bí ó bá já lórí eré, inú ẹ́ńjìnnì lè fọ́ ara rẹ̀ túútúú. Èyí tó wà nínú ọkọ̀ Ìyá Ìbejì ti gbó, ó ti ń là wẹ́wẹ́, ẹni tó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un ni Atẹ́tísí.

Atẹ́tísí ni mẹkáníìkì tó wà nísàlẹ̀ òpópónà wọn. Kì í ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ gbé etí lé e, tó di ojú, tó sì tẹ́tí bí ìyá tó ń gbọ́ mímí ọmọ. Ó ga, irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, eyín ẹnu rẹ̀ pé. Nǹkan wọ̀nyí kò yẹ kó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ sẹ́nikẹ́ni lọ́rùn, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ni Wọ̀nọ́nwò kà wọ́n sí. Ìdí ni pé kí òun tó dé, Atẹ́tísí ti fẹ́ obìnrin yìí sọ́nà fún ọdún kan gbáko, gbogbo ẹni tó mọ̀ wọ́n ló sì gbà pé wọ́n máa fẹ́ ara wọn. Lọ́jọ́ kan, obìnrin náà mú aṣọ síkẹ́ẹ̀tì kan lọ sọ́dọ̀ télọ̀. Kò padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mọ́.

Ọdún mẹ́rìnlélógún ti kọjá lórí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà ìbá ti tán, bí kò bá ṣe pé ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú, tọkọtaya náà jùmọ̀ wakọ̀ gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Atẹ́tísí, tí ọkùnrin náà sì na ọwọ́ dá wọn dúró.

"Pẹ́lẹ́ńgẹ́, pa á ná," ló wí. Ìyá Ìbejì pa á. "Tún un sítáàtì." Ó tún un sítáàtì. Atẹ́tísí gbé etí lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. "O gbọ́ ìró yẹn? Bí ẹni ń ya aṣọ. Bẹ́líìtì ẹ ti lọ. Má gbé e débi iṣẹ́ tuntun o. Mú un wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọwọ́ ara mi ni mo máa fi ṣe é."

Wọ̀nọ́nwò jókòó síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń fi ẹ̀yin pe Ìyá Ìbejì, títí kan àwọn tó jù ú lọ. Yàtọ̀ sí ọkọ rẹ̀, Atẹ́tísí nìkan ló ń fi ìwọ pè é, bí ẹni pé wọ́n ṣì fẹ̀yìn ti ògiri bàbá rẹ̀, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọ̀dọ́. Ó sì tún ń pè é ní Pẹ́lẹ́ńgẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," Wọ̀nọ́nwò wí.

"Há, Télọ̀, ẹ wà níbẹ̀? Mi ò tiẹ̀ rí yín."

Nígbà tí wọ́n délé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi ní, "Èmi ni mo máa ṣe bẹ́líìtì yẹn."

Ìyàwó rẹ̀ rò pé àwàdà ni. "Ẹ̀yin wo?"

"Èmi yìí. Mo ti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí fóònù."

"Bàbá Ìbejì, ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ṣòkòtò."

"Kí ló wà níbẹ̀? Òkè wà, ìsàlẹ̀ wà, a ní kí wọ́n bára mu. Kí ni mo ti ń ṣe látọjọ́ yìí?"

"Ìka tó tọ́ símú la fi ń ro ó o."

"Ìka tèmi náà tọ́ sí i. Àti pé ta ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́? Èmi ni mò ń fi téèpù yí ẹ ká. Mo mọ ibi tí téèpù ń dé."

Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ẹ̀rín náà dun ọkọ rẹ̀, nítorí kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣàwàdà rárá.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Ìyá Ìbejì wọkọ̀ èrò lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí ilé tuntun. Kó tó lọ, ó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sílẹ̀, ó ní, "Bó bá dojú rú, ẹ má fi agídí sítáàtì ẹ̀ o. Ẹ dúró dè mí." Ohun tí Wọ̀nọ́nwò gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kí òun dúró, kí ó lè wá pe ọkùnrin yẹn.

Ó ṣe iṣẹ́ náà bí ó ṣe ń ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀. Ó tẹ́ aṣọ àtijọ́ sílẹ̀, ó to àwọn sípánà síbẹ̀ láti orí kékeré dórí ńlá. Ó tú ìbòrí ẹ́ńjìnnì, ó sì mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sára aṣọ. Ó fi fa ìlà sára kẹ̀kẹ́ òkè, ó fa ìlà sára kẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń sàmì sí apá àti èjìká aṣọ kó tó tú u láti tún un rán. Ohun tó sàmì sí, ó dá a lójú pé òun lè dá a padà síbi tó wà. Kò wá sí i lọ́kàn pé àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà ti gbẹ́ àmì tiwọn sára irin, tí ìdọ̀tí ọ́ìlì sì ti bò ó mọ́lẹ̀.

Bí bẹ́líìtì ṣe yọ báyìí, kẹ̀kẹ́ òkè fò, gbì, nítorí àwọn irin kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń tì í. Ẹ̀rù bà á. Ó fọwọ́ gbá a mú, etí ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sì nu ṣọ́ọ̀kì náà. Nígbà tó wò ó, kò rí ìlà mọ́, àfi ẹfun tó tú ká bí ìyẹ̀fun.

Ibẹ̀ ló yẹ kó ti dúró. Ṣùgbọ́n ó sún sẹ́yìn, ó di ojú kan, ó fi èkejì wọn ibi tó rò pé ìlà náà wà tẹ́lẹ̀. Ojú tó ti ń wọn èjìká ènìyàn láti ìgbà ọ̀dọ́, ṣé ó wá máa ṣi kẹ̀kẹ́ irin wọ̀n ni? Ó fa ìlà mìíràn. Ó gbé bẹ́líìtì tuntun tó ti rà sílẹ̀ sí i, ó dì í, ó bò ó. Bí ó ti ń fún nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn, ó ń fojú inú wo Ìyá Ìbejì tó wakọ̀ gba iwájú ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀, tí ọkùnrin gíga yẹn gbé etí lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó sì béèrè pé ta ló ṣe é. Ọkọ mi ni. Ó gbádùn ìdáhùn yẹn dáadáa kó tó yí kọ́kọ́rọ́.

Ẹ́ńjìnnì wúkọ́. Ó gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, ọkọ̀ náà sì ń jó lójú kan, lẹ́yìn náà ni sàléńsà yìn bí ìbọn. Ìyá àgbà ojúlé kejì tó ń sá aṣọ sọ agbọ̀n aṣọ tútù sílẹ̀. Èéfín dúdú kún ojú ọ̀nà. Wọ̀nọ́nwò pa á, ó sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ohunkóhun nípa ariwo náà.

Kò pẹ́ tí Atẹ́tísí fi dé, ó ń fi àkísà nu ọwọ́.

"Télọ̀, ẹ kú ìsinmi. Mo gbọ́ tí nǹkan ń wúkọ́ níbí."

"Kò sí nǹkan. Mò ń sítáàtì ẹ̀ wò ni."

"Gbogbo wa ti bá yín wò ó. Ẹ jẹ́ n fi etí kàn án."

"Rárá. Ẹ ṣeun."

"Táímìn ẹ̀ ti ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ẹ má tún un sítáàtì o, torí bí fáàfù, irin òkè yẹn, bá fi lè gbá písítìnì tó ń gòkè láti ìsàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì yẹn ti di ìkòkò òfìfo nìyẹn. Ẹ jẹ́ n bá yín tò ó. Mi ò ní gba nǹkan kan. Nítorí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni."

"Nítorí ta ni?"

Atẹ́tísí rí ojú rẹ̀. "Nítorí Ìyá Ìbejì."

"Mo ti ní ẹ ṣeun."

Mẹkáníìkì náà gbé àkísà rẹ̀ sí èjìká. "Kò burú. Tí ẹ bá ní ṣòkòtò tó ya, ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Àwa náà á bá yín rán an." Ẹ̀rín rẹ̀ gba títì lọ sísàlẹ̀.

Wọ̀nọ́nwò jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà, àyà rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kò ju egungun lásán lọ. Ó wí ohun kan nínú ara rẹ̀ tí kò jẹ́ wí fún ẹlòmíràn: pé ó sàn kí iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó òun ju kí ọkùnrin yẹn ti ọwọ́ bọ inú ọkọ̀ rẹ̀. Ó gbọ́ ara rẹ̀ bí ó ti ń rò ó. Ojú tì í, síbẹ̀ kò kó èrò náà padà.

Oòrùn ṣì mú nígbà tí Ìyá Ìbejì dé. Wọ́n ti sọ fún un láti ìkóríta. Kò pariwo.

"Ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ sítáàtì ẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀kan."

"Bàbá Ìbejì."

"Mo ní ẹ̀ẹ̀kan. Mo pa á lójú ẹsẹ̀."

Ó mí kanlẹ̀. Ó wọlé lọ bọ́ aṣọ òde, ó jáde pẹ̀lú ẹ̀wù àtijọ́, ike kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó. Ó tú ìbòrí ẹ́ńjìnnì kúrò bí ẹni tó ń tú ìdérí ìkòkò ilé ara rẹ̀, ó fi kẹrosíìnì fọ ara kẹ̀kẹ́ òkè, ó fọ ara irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìdọ̀tí ń ṣàn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àmì kékeré kan yọ lára kẹ̀kẹ́, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì yọ lára irin ẹ̀yìn, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú abẹ́rẹ́. Ó fọ ti ìsàlẹ̀ náà, méjì mìíràn tún yọ.

"Eléyìí ni wọ́n ń wò," ló wí. "Kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì."

Ọkọ rẹ̀ dúró bí òpó. Láti ọdún mẹ́rìnlélógún tí wọ́n ti jọ ń gbé, ó mọ̀ pé ìyàwó òun lè wakọ̀, ó mọ̀ pé ó lè pààrọ̀ táyà. Èyí ni kò mọ̀.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ẹ bá mi yọ púlọ́ọ̀gì tó wà níwájú."

"Ìyá Ìbejì, mo ní ta ló kọ́ ẹ."

"Ẹ mọ ẹni tó kọ́ mi."

Ó yọ púlọ́ọ̀gì náà. Ìyàwó rẹ̀ ti sukudiráfà gígùn kan bọ ojú ihò náà, ó sì ní kí ọkọ òun fi sípánà yí nọ́ọ̀tì kẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀. "Ẹ rọra. Bó bá takú, ẹ má fipá mú un." Ó ń yí i, kò sì takú níbì kankan. Ìyá Ìbejì mi orí. "A dúpẹ́, kò tíì bàjẹ́ nínú. Písítìnì ti ń gòkè, mò ń gbọ́ ọ lọ́wọ́ mi."

"Báyìí ló ṣe kọ́ ẹ? Ìwọ lo di sukudiráfà mú, òun ń yí i?"

"Rárá. Èmi ni mò ń yí i."

"Òun wá di kí ni mú?"

"Sukudiráfà."

"Kò di ọwọ́ ẹ mú?"

Ìyá Ìbejì gbójú sókè. "Ó dì í mú lọ́jọ́ kan. Bẹ́líìtì fẹ́ há mi níka."

"Lọ́jọ́ kejì ń kọ́?"

"Ẹ yí nọ́ọ̀tì, Bàbá Ìbejì."

Ó yí i. Nígbà tí písítìnì dé òkè pátápátá, àmì ìsàlẹ̀ kọjú sí ẹgbẹ́ rẹ̀ géérégé, ṣùgbọ́n ti òkè wà níbòmíràn, ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ti télọ̀. Ìyá Ìbejì tú róòlù tó ń fa bẹ́líìtì le, ó bọ́ bẹ́líìtì kúrò lókè, ó rọra yí kẹ̀kẹ́ náà títí àmì fi kan àmì. Ó ń gbé bẹ́líìtì padà, ó ń fa ẹ̀gbẹ́ kan le, ó ń jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kejì rọ̀ sápá róòlù, ó sì ń sọ̀rọ̀ láìwo ojú ọkọ rẹ̀.

"Ọdún kan ni mo fi ń lọ síbẹ̀. Ohun tó ń bá mi sọ kò ju ẹ́ńjìnnì lọ. Kò sí ọkọ̀ tó kọjá tí kò mọ ohun tó ń ṣe é látinú ìró ẹ̀. Lọ́dún yẹn náà ni ikọ́ dá mi dúbúlẹ̀, oṣù kan ni mo fi wú u. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni mo ti ń wú u o. Kò gbọ́ ọ."

Wọ̀nọ́nwò fi àkísà nu sípánà ọwọ́ rẹ̀.

"Lọ́jọ́ tí mo mú síkẹ́ẹ̀tì wá, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé téèpù yí ìbàdí mi ni, mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ju téèpù sílẹ̀, ẹ ní ẹ ò ní wọ̀n mí títí màá fi lọ rí dókítà. Mo bínú sí yín lọ́jọ́ yẹn, torí mo fẹ́ fi síkẹ́ẹ̀tì yẹn jáde."

Inú Wọ̀nọ́nwò dùn. Ó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ kí ẹ̀rín tó dé ètè, owú ti bi í ní ìbéèrè mìíràn: ohun tí ènìyàn kò bá fẹ́ràn, ṣé ó máa ń rántí rẹ̀ tó báyìí? Òun kò lè rántí àwọ̀ síkẹ́ẹ̀tì yẹn mọ́. Obìnrin yìí rántí ibi tí àmì wà lábẹ́ ìdọ̀tí.

"Ẹ wá bá mi wò ó," ìyàwó rẹ̀ wí. "Mi ò mú awò ojú mi jáde."

Ó di ojú kan. "Ó yẹ̀."

"Kò yẹ̀."

"Ó fi bí irun yẹ̀ sápá ọ̀tún. Mo ní ó yẹ̀."

Wọ́n fi sípánà yí gbogbo rẹ̀ kárí, wọ́n sì wò ó padà. Òótọ́ ni, bẹ́líìtì náà fi eyín kan ṣoṣo ṣi ibùjókòó. Ìyá Ìbejì pòṣé, ó tú u, ó sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ rẹ̀ ló di kẹ̀kẹ́ òkè mú kó má baà fò. Nígbà tí wọ́n tún yí i kárí, àmì kan àmì lókè, ó kàn án nísàlẹ̀, télọ̀ kò sì rí àríwísí kankan.

Ìyá Ìbejì yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì sítáàtì lẹ́ẹ̀kan náà, ìró rẹ̀ sì lọ́ tìnrín bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ta ọ́ìlì sí. Ó bọ́ sílẹ̀, ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Lẹ́yìn náà, bí ẹni tí kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wo òun, ó tẹ̀ síwájú, ó gbé etí lé e, ó sì di ojú.

Wọ̀nọ́nwò rí i. Bí Atẹ́tísí ṣe ń tẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, pẹ̀lú ọwọ́ òsì tó fi lé ẹ̀yìn. Ó yíjú kúrò, ó ń to sípánà padà sínú àpótí, ó sì tò wọ́n ní ìtòkutò.

"Ó dáa," ni Ìyá Ìbejì wí. "Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì tuntun máa ń nà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní láti tún róòlù yẹn fà. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn bó ṣe le tó ò sí lọ́wọ́ wa."

"Ta ló ní i?"

Ìyá Ìbejì kó ike kẹrosíìnì nílẹ̀. Ó lọ fọ ọwọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tó fi gbé ọkọ̀ jáde. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà títí kò fi gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì mọ́. Gbogbo nọ́ọ̀sì dé ibi iṣẹ́ lásìkò, ilé ìwòsàn sì fi iṣẹ́ náà sí Ìyá Ìbejì lọ́wọ́. Nígbà tó dé, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀kan nínú wọn sọ pé, "Màmá, ọkọ̀ yín ò tiẹ̀ dún."

"O sọ ẹni tó ṣe é fún un?"

"Mo ní èmi àti ọkọ mi ni."

Inú Wọ̀nọ́nwò dùn sí ìyẹn títí di ọ̀sán. Lẹ́yìn ọ̀sán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bóyá àánú ló mú un fi ọkọ mi kún un. Kò lè ránṣọ dáadáa. Ó ro ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ yẹn síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Bí ìyàwó rẹ̀ bá nìkan lọ, àwọn méjèèjì yóò tẹrí ba sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì kan náà, wọn yóò sì máa sọ èdè tí òun kò gbọ́. Bí wọ́n bá jọ lọ, òun yóò tún jókòó síwájú ọkọ̀ láìsí ẹni tó rí òun.

"Èmi ni mo máa gbé e lọ fún un," ló wí nígbà tí wọ́n ń jẹun. "Èmi nìkan."

Ìyá Ìbejì gbé ṣíbí sílẹ̀. "Kí lẹ máa wí fún un?"

"Màá ní kó fà á. Kó sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fà á."

"Ẹ̀yin? Kí Atẹ́tísí kọ́ yín níṣẹ́?"

"Òun ló kọ́ ìwọ náà. Tí mo bá ti mọ̀ ọ́n, kò sí ohun tó tún máa gbé ẹ débẹ̀ mọ́."

Ìyàwó rẹ̀ tún mú ṣíbí. "Owú yìí máa sọ yín di mẹkáníìkì o," ló wí, ó sì ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ.

Ó ti sọ fún àwọn oníbàárà pé òun kò ní tètè ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó ti pẹ́ tó ti ránṣọ fún ara rẹ̀ kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ní Ọjọ́rú ó gé ẹ̀wù kan, alápá kúkúrú tí kò ní nu àmì kankan. Aago mẹ́jọ ni Atẹ́tísí máa ń ṣílẹ̀kùn. Wọ̀nọ́nwò ti ní òun yóò ti wà níbẹ̀ kó tó ṣí i.